Ìgbọràn sí Ọlọ́run àti Ìṣẹ́gun Ẹ̀ṣẹ̀: Ìgbésí Ayé Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther Láti Òṣoogùn dé Lọ́kọ́ja

Ìfáárà

Kò sí akẹ́kọ̀ọ́ èdè Yorùbá tí kò mọ orúkọ Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther. Nínú kíláàsì, a máa ń dárúkọ rẹ̀ nígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ lórí bí èdè Yorùbá ṣe di kíkọ sílẹ̀, lórí àkọtọ́, lórí ìwé atúmọ̀ èdè àti lórí ìtumọ̀ Bíbélì. Apá kan wà nínú ìgbésí ayé ọkùnrin yìí tí a kì í sábà gbé yẹ̀ wò, èyí ni bí ó ṣe gbé ayé rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí Kristẹni tí ó ń wá ọ̀nà láti gbọ́ràn sí Ọlọ́run lẹ́nu, tí ó sì ń bá ẹ̀ṣẹ̀ wọ ìjàkadì nínú ọkàn ara rẹ̀ àti nínú ìjọ tí a fi sí ìkáwọ́ rẹ̀. Apá yìí ni iṣẹ́ yìí yóò dá lé.

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ wo àwọn ọ̀rọ̀ méjì tí ó jẹ́ òpómúléró iṣẹ́ yìí. Èkíní ni ìgbọràn. Nínú èdè Yorùbá, inú gbọ́ àti ọ̀ràn ni a ti fa ọ̀rọ̀ náà yọ. Ẹni tí kò bá gbọ́ ọ̀ràn kò lè gbọ́ràn. Etí ni ìgbọràn ti bẹ̀rẹ̀ kí ó tó dé ọwọ́ àti ẹsẹ̀. Èkejì ni ẹ̀ṣẹ̀, tí a ṣẹ̀dá láti ara ọ̀rọ̀-ìṣe ṣẹ̀. Bí a bá ní ènìyàn ṣẹ̀, ẹnìkan wà tí ó ṣẹ̀, ìbáà jẹ́ Ọlọ́run, ìbáà jẹ́ ọmọnìkejì. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ ẹ̀ṣẹ̀ kò fi lè jẹ́ ti ènìyàn kan ṣoṣo láàárín òun àti ọkàn rẹ̀. Èrò wa nínú iṣẹ́ yìí ni pé ìgbésí ayé Crowther fi hàn pé ẹni tí yóò ṣẹ́gun ẹ̀ṣẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tí ó ń gbọ́: kí ó gbọ́ ti Ọlọ́run, kí ó sì gbọ́ tẹnu ènìyàn kí ó tó dá ẹjọ́. Ibi tí a ti dán ọ̀rọ̀ yìí wò jù lọ ni ilẹ̀ tí Odò Ọya àti Odò Bénúè ti pàdé, ní Lọ́kọ́ja àti agbègbè rẹ̀, ní ẹnu ọ̀nà ilẹ̀ àwa ará Òkun.

Láti Òṣoogùn dé Sàró

Ní nǹkan bí ọdún 1809 ni a bí Àjàyí ní ìlú Òṣoogùn, tí kò jìnnà sí Ìsẹ́yìn. Ahunṣọ ni bàbá rẹ̀. Àfàlà ni orúkọ ìyá rẹ̀. Ní ọdún 1821, àwọn jagunjagun Fúlàní pẹ̀lú àwọn Mùsùlùmí ọmọ Ọ̀yọ́ kógun ja Òṣoogùn. Wọ́n sun ìlú náà, wọ́n sì kó Àjàyí, ìyá rẹ̀ àti àwọn ará ilé rẹ̀ kan lẹ́rú. Kò pẹ́ tí a fi yà wọ́n nípa. Láti ọwọ́ olówó kan dé ọwọ́ olówó mìíràn ni wọ́n ń tà á, títí ó fi dé Èkó níbi tí àwọn ará Potogí ti rà á. Nínú ìwé tí ó kọ ní ọdún 1837 nípa ìgbà náà, ó jẹ́wọ́ pé ìbànújẹ́ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí òun fi gbìyànjú láti fún ara òun lọ́rùn pa lóru, ṣùgbọ́n ọkàn òun kò gbà á. Ó ka èrò yẹn sí ẹ̀ṣẹ̀, ó sì ka àìlèṣe é sí àánú Ọlọ́run. A rí i níhìn-ín pé Crowther kì í fi ẹ̀ṣẹ̀ ara rẹ̀ pamọ́ nígbà tí ó bá ń ròyìn oore Ọlọ́run.

Ní ọjọ́ 7 oṣù kẹrin ọdún 1822, ọkọ̀ ojú omi ogun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ń jẹ́ Myrmidon dá ọkọ̀ ẹrú Esperanza Felix tí Àjàyí wà nínú rẹ̀ dúró, ó sì gba àwọn ẹrú inú rẹ̀ sílẹ̀. Wọ́n kó wọn lọ sí Sàró. Níbẹ̀ ni ọmọdékùnrin náà ti bẹ̀rẹ̀ ilé ẹ̀kọ́, tí ó sì fi ìtara kàwé tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé láàárín oṣù mẹ́fà, ó ti ń ka Májẹ̀mú Titun. Ní ọjọ́ 11 oṣù kejìlá ọdún 1825, Àlùfáà John Raban ṣe ìrìbọmi fún un, ó sì gba orúkọ Samuel Crowther. Ní ọdún 1827, ó wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ gíga Fourah Bay. Ó di olùkọ́, ó sì fẹ́ Asano, tí orúkọ ìrìbọmi rẹ̀ ń jẹ́ Susan, obìnrin tí òun náà jẹ́ ẹni tí a gbà sílẹ̀ nínú oko ẹrú.

Ní ìgbà tí a ń wí yìí, àwọn ọmọ ilẹ̀ Òkun pọ̀ ní Sàró pẹ̀lú. Nígbà tí S. W. Koelle, tí ó jẹ́ olùkọ́ ní Fourah Bay, tẹ ìwé ńlá rẹ̀ lórí àwọn èdè ilẹ̀ Áfíríkà jáde ní ọdún 1854, ó kọ ẹ̀ka èdè Yàgbà, Ìjùmú àti Ọ̀wọ́rọ̀ sílẹ̀ láti ẹnu àwọn ẹrú tí a dá sílẹ̀. Ẹ̀rí nìyí pé ìyà tí ó jẹ Àjàyí ní Òṣoogùn náà ni ó jẹ àwọn bàbá wa, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọwọ́ àwọn ẹlẹ́ṣin Tápà ni tiwọn ti sábà wá.

Ìgbọràn Nínú Iṣẹ́ Ìtumọ̀

Ní ọdún 1841, ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì rán ọkọ̀ mẹ́ta lọ sínú Odò Ọya. Crowther àti Àlùfáà J. F. Schön ni Ẹgbẹ́ Ajíhìnrere Ìjọ Áńgílíkà, tí a mọ̀ sí C.M.S., fi bá wọn lọ. Ibà pa àwọn Òyìnbó tí ó lé ní 40 nínú ìrìn àjò náà, oko àwòṣe tí wọ́n dá sílẹ̀ nítòsí Lọ́kọ́ja sì túká láìpẹ́. Lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn, òfo ni gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n Schön àti Crowther gbọ́ ẹ̀kọ́ kan nínú rẹ̀: pé àwọn ọmọ Áfíríkà fúnra wọn ni yóò mú ìhìnrere wọ inú ilẹ̀ náà, àti pé èdè ìbílẹ̀ ni wọn yóò fi ṣe é. Ní ọdún 1843, wọ́n fi Crowther joyè àlùfáà ní Lọ́ńdọ̀nù, ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ sì jáde ní ọdún yẹn kan náà. Ní oṣù kìíní ọdún 1844, ó fi èdè Yorùbá darí ìsìn ní Freetown.

Ó dé Àgbádárìgì ní ọdún 1845 àti Abẹ́òkúta ní ọdún 1846. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1846 ni ó tún fojú kan ìyá rẹ̀ lẹ́yìn ọdún 25 tí wọ́n ti yà wọ́n. Ní ọdún 1848, Àfàlà wà lára àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ìrìbọmi fún ní Abẹ́òkúta, ó sì gba orúkọ Hánnà, ìyá Sámúẹ́lì inú Bíbélì.

Lára àwọn ìwé Bíbélì tí Crowther kọ́kọ́ túmọ̀ tí ó sì jáde lọ́tọ̀ ni Ìwé Pọ́ọ̀lù sí àwọn ará Róòmù, ní ọdún 1850. Ìwé yìí ni ó sọ̀rọ̀ jinlẹ̀ jù lọ lórí ẹ̀ṣẹ̀ àti ìgbọràn. Nínú rẹ̀, Àpọ́sítélì ń kọ́ni pé ẹni tí ènìyàn bá jọ̀wọ́ ara rẹ̀ fún, ẹrú rẹ̀ ni ó jẹ́: bí ó jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀, ẹrú ẹ̀ṣẹ̀, bí ó jẹ́ ìgbọràn, ẹrú òdodo. Ẹ jẹ́ kí a ro ti ẹni tí ó jókòó ti ọ̀rọ̀ yìí, tí ó ń wá ohun tí Yorùbá yóò pè é. Ẹni tí a ti dè mọ́ ẹ̀wọ̀n rí ni. Nígbà tí ó bá kọ ẹrú sílẹ̀, kì í ṣe inú ìwé ni ó ti mọ ohun tí a ń pè bẹ́ẹ̀. Ó mọ̀ pé ẹrú kì í fún ra rẹ̀ ní òmìnira, pé ẹnìkan ni ó gbọ́dọ̀ wá gbà á sílẹ̀. Ó tún mọ̀ pé bí a bá ti tú ènìyàn sílẹ̀ tán, iṣẹ́ kíkọ́ bí a ṣe ń gbé gẹ́gẹ́ bí ọmọ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni. Ní ọjọ́ kan ni a gbà á kúrò nínú ọkọ̀ ẹrú. Ọdún púpọ̀ ni ó gbà á kí ó tó di ẹni tí ó dà. Irú ojú yìí ni ó fi wo ìṣẹ́gun ẹ̀ṣẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀, ọ̀rọ̀ yìí yóò sì padà wá nígbà tí a bá dé ọdún 1890.

Iṣẹ́ ìtumọ̀ náà fúnra rẹ̀ jẹ́ ìgbọràn. Crowther a máa lọ jókòó ti àwọn àgbà, a máa tẹ́tí sí bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀, a sì máa kọ òwe àti ìjìnlẹ̀ ọ̀rọ̀ wọn sílẹ̀. Gírámà rẹ̀ jáde ní ọdún 1852. Nígbà tí odidi Bíbélì Yorùbá fi máa parí ní ọdún 1884, òun àti àwọn alábàáṣiṣẹ́pọ̀ rẹ̀ ti lo nǹkan bí 40 ọdún lórí rẹ̀. Bíbélì yìí náà ni àwọn ìjọ ilẹ̀ Òkun wá ń kà nígbà tí ìhìnrere dé ọ̀dọ̀ wọn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Owé, Bùnú, Yàgbà, Ìjùmú tàbí Ọ̀wọ́rọ̀ ni wọ́n ń sọ nílé.

Ilẹ̀ Ìpàdé Odò Méjì àti Ọmọ Yàgbà kan

Ní ọdún 1854, Crowther tún bá Dókítà W. B. Baikie gun Odò Ọya àti Odò Bénúè. Nítorí oògùn kuníìnì, kò sí Òyìnbó kan tí ó kú nínú ìrìn àjò náà. Ní ọdún 1857, wọ́n tún lọ, ìgbà yìí ni wọ́n sì fi ìdí iṣẹ́ ìhìnrere Odò Ọya sọlẹ̀ ní Oníṣà àti ní Gbebe, tí ó dojú kọ Lọ́kọ́ja ní òdìkejì odò. Ọmọ Áfíríkà ni gbogbo àwọn tí ó ń ṣiṣẹ́ náà.

Ọ̀kan nínú àwọn tí ó ṣiṣẹ́ ní Gbebe láti ọdún 1858 ni James Thomas, ọmọ Yàgbà. Wọ́n ti kó o lẹ́rú rí, ó sì ti gbé Sàró fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ó tó gbà láti padà sí agbègbè tí wọ́n ti tà á. Kò ní ẹ̀kọ́ gíga, àlùfáà sì kọ́ ni nígbà tí ó dé, ṣùgbọ́n ó ń kọ àkọsílẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ láti ọjọ́ dé ọjọ́. Nínú àwọn àkọsílẹ̀ yẹn, a rí i bí ó ṣe ń lọ láti ilé dé ilé, tí ó ń bá àwọn aláwo, àwọn oníṣòwò àti àwọn ẹrú sọ̀rọ̀, tí ó sì ń fi èdè tí wọ́n gbọ́ wàásù fún wọn. Nígbà tí ogun abẹ́lé ba Gbebe jẹ́ ní ọdún 1866, iṣẹ́ náà kó lọ sí Lọ́kọ́ja. Fún àwa ará Òkun, orúkọ Thomas yẹ ní ìrántí, nítorí ó fi hàn pé ṣáájú kí ìjọ tó dé ilẹ̀ wa ni ọmọ wa ti wà lára àwọn tí ń kéde rẹ̀.

Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹfà ọdún 1864, wọ́n fi Crowther joyè bíṣọ́ọ̀bù ní Canterbury. Òun ni ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí ó di bíṣọ́ọ̀bù nínú Ìjọ Áńgílíkà. Kò fẹ́ gba oyè náà ní ìbẹ̀rẹ̀. Henry Venn, akọ̀wé C.M.S., ni ó rọ̀ ọ́ títí ó fi gbà. Iṣẹ́ náà kò rọrùn rárá. Ní ọdún 1867, ìjòyè kan tí ń jẹ́ Abokko, ní agbègbè Ìdá, mú un sí àhámọ́, ó sì ń béèrè owó ìràpadà. Fell, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Lọ́kọ́ja, wá gbà á sílẹ̀, ṣùgbọ́n ọfà olóró ba Fell, ó sì kú. Crowther padà sí ẹnu iṣẹ́ rẹ̀ lẹ́yìn èyí.

Ohun kan tún wà tí ó yẹ kí a tẹnu mọ́. Àwọn Mùsùlùmí wà lára àwọn tí ó kó Òṣoogùn lẹ́rú, síbẹ̀ Crowther kì í sábà bá Mùsùlùmí sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ẹ̀gàn. Ní ọdún 1872, ó jókòó ní ààfin Ìlọrin, ó ń fi sùúrù dáhùn ìbéèrè wọn láti inú Bíbélì. Ní ọdún 1884, Maliki, Ẹmíà Bídà, ránṣẹ́ sí i pé kí ó bá òun bẹ àwọn Òyìnbó kí wọ́n má ṣe kó ọtí líle wọ ilẹ̀ òun mọ́, nítorí ó ń ba àwọn ènìyàn òun jẹ́. Bídà yìí kan náà ni ogun rẹ̀ ń ko ilẹ̀ Owé, Bùnú, Ìjùmú àti Yàgbà títí di ọdún 1897 tí Ilé Iṣẹ́ Royal Niger fi ṣẹ́gun rẹ̀. A kò lè fi ojú kékeré wo ìṣòro tí ó wà nínú bíbá irú ọba bẹ́ẹ̀ ṣe pọ̀. Ṣùgbọ́n Crowther gbà pé bí òtítọ́ bá ti ẹnu ẹni tí kì í ṣe tiwa jáde, a gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ. Ẹni tí ó lè jókòó ti àwọn tí ó tà á láìsí ìkórìíra ti ṣẹ́gun ẹ̀ṣẹ̀ kan tí ọ̀pọ̀ oníwàásù kò tíì ṣẹ́gun.

Ẹ̀ṣẹ̀ Nínú Ìjọ Odò Ọya

Kò yẹ kí a fi ìyìn bo òtítọ́ mọ́lẹ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ wà nínú iṣẹ́ Odò Ọya. Àwọn kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ Crowther fi òwò ṣíṣe dípò ìwàásù. Àwọn mìíràn ń mu ọtí àmupara. Àwọn kan ń ṣe àgbèrè. Èyí tí ó burú jù ni ti tọkọtaya kan ní Oníṣà tí wọ́n lu ọmọbìnrin kan tí ó wà lọ́wọ́ wọn títí ó fi kú. Ọ̀rọ̀ náà dé ilé ẹjọ́ ní Sàró ní ọdún 1882, a sì dá wọn lẹ́bi. Ìtìjú ńlá ni fún iṣẹ́ tí àwọn ẹrú tí a dá sílẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀bi Crowther náà wà nínú rẹ̀. Èkó ni ó ń gbé, àwọn ibùdó rẹ̀ sì jìnnà síra láti etíkun dé Lọ́kọ́ja àti kọjá. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ọkọ̀ àwọn oníṣòwò ni ó ń wọ̀ lọ bẹ̀ wọ́n wò, nígbà tí odò bá kún. Ó rọ̀ ní ọwọ́. Bí òṣìṣẹ́ kan bá ṣubú, ó máa ń fẹ́ fún un ní àyè ìrònúpìwàdà ju kí ó lé e lọ. Àwọn ọmọ rẹ̀ wà nínú iṣẹ́ náà tàbí nínú òwò orí odò, èyí sì fún àwọn ẹlẹ́nu ní ohun tí wọ́n ń sọ. Ó lé àwọn kan nínú iṣẹ́, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n nígbà mìíràn ó pẹ́ kí ó tó ṣe bẹ́ẹ̀.

Ìlànà kan wà tí kò jẹ́ kí ó yẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Kò gbà kí a dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi láìgbọ́ tẹnu rẹ̀. Nígbà tí J. B. Wood bẹ iṣẹ́ náà wò ní ọdún 1880, tí ó sì kọ ìròyìn tí ó kún fún ẹ̀sùn ránṣẹ́ sí Lọ́ńdọ̀nù, ohun tí ó dun Crowther ni pé a kò kọ́kọ́ fi ìròyìn náà han òun tàbí àwọn tí a fi sùn. Àwọn àgbà wa ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá ni àgbà òṣìkà. Kí ìbáwí tó lè jẹ́ ti Ọlọ́run, ó gbọ́dọ̀ jẹ́ òtítọ́ ná.

Ọdún 1890

Láti ọdún 1875 ni ìpàdé ọdọọdún kan ti bẹ̀rẹ̀ ní Keswick, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ̀kọ́ tí ó tàn kálẹ̀ láti ibẹ̀ ni pé Kristẹni lè ní ìṣẹ́gun lórí ẹ̀ṣẹ̀ nípa jíjọ̀wọ́ ara rẹ̀ pátápátá fún Ẹ̀mí Mímọ́. Ẹ̀kọ́ rere ni, ó sì mú kí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ fi ilé àti ọ̀nà sílẹ̀ lọ wàásù. Lára wọn ni Graham Wilmot Brooke, tí ó jẹ́ ẹni nǹkan bí ọdún 25, àti J. A. Robinson. Wọ́n dé Lọ́kọ́ja ní ọdún 1890 láti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láàárín àwọn Háúsá àti Tápà. Wọ́n wọ aṣọ bí àwọn ará ibẹ̀, wọ́n sì kọ ìdáàbòbò ìjọba. Kò sí ẹni tí ó lè sọ pé wọn kò ní ìtara.

Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n wo ìjọ tí wọ́n bá níbẹ̀, kìkì ẹ̀gbin ni wọ́n rí. Lójú wọn, ẹni tí kò bá tíì dé ibi tí àwọn rò pé àwọn dé, kò tíì bẹ̀rẹ̀ rárá. Wọ́n kọ ìròyìn ránṣẹ́, wọ́n gba ọ̀rọ̀ àwọn oníṣòwò gbọ́, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ènìyàn. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1890, ìgbìmọ̀ ìṣúná iṣẹ́ náà pàdé ní Oníṣà. Níbẹ̀ ni F. N. Eden, akọ̀wé ìgbìmọ̀, ti kéde ìdádúró àwọn òṣìṣẹ́ púpọ̀, títí kan Aṣíwájú Àlùfáà Dandeson Crowther, ọmọ bíṣọ́ọ̀bù. Bíṣọ́ọ̀bù béèrè ẹ̀rí. Ó béèrè agbára tí akọ̀wé ní láti dá àlùfáà tí ó wà lábẹ́ bíṣọ́ọ̀bù dúró. Kò rí èsì tí ó tẹ́ ẹ lọ́rùn. Bàbá tí ó ti lé ní ẹni 80 ọdún dìde, ó ní kí wọ́n pa orúkọ òun rẹ́ kúrò nínú ìgbìmọ̀ náà.

Ibi yìí ni ọ̀rọ̀ ìgbọràn ti gbóná. Àwọn kan lè sọ pé ó yẹ kí bíṣọ́ọ̀bù dákẹ́, nítorí ẹgbẹ́ tí ó rán an ni ó ń pàṣẹ. Àwọn mìíràn, pàápàá ní Èkó, rò pé ó yẹ kí ó kó àwọn ènìyàn rẹ̀ jáde pátápátá. Inú bí àwọn ará Èkó tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn kan fi dá Ìjọ United Native African sílẹ̀ ní oṣù kẹjọ ọdún 1891. Crowther kò ṣe èyíkéyìí nínú méjèèjì. Kò dákẹ́, nítorí dídákẹ́ níwájú àìṣòdodo kì í ṣe ìgbọràn sí Ọlọ́run; ènìyàn nìkan ni ó ń gbọ́ràn sí. Kò sì jẹ́ kí ìbínú gba ìjọba lọ́kàn rẹ̀, nítorí ẹni tí ó ti kọ́ni pé kí a dárí ji àwọn tí ó tà á lẹ́rú kò lè wá kórìíra àwọn ọ̀dọ́ tí ó tàbùkù sí i. Ọ̀nà tí ó yàn ni láti ṣètò kí àwọn ìjọ ẹnu odò dá dúró lórí owó ara wọn, síbẹ̀ nínú Ìjọ Áńgílíkà, kí iṣẹ́ àwọn ọmọ Áfíríkà má baà parun.

Ní oṣù keje ọdún 1891, àrùn rọpárọsẹ̀ kọlù ú. Ó kú ní Èkó ní ọjọ́ 31 oṣù kejìlá ọdún náà. Ní ọdún 1892, ètò tí ó fi sílẹ̀ di Delta Pastorate lábẹ́ Dandeson ọmọ rẹ̀. Robinson ti kú ní Lọ́kọ́ja ní ọdún 1891. Brooke náà kú níbẹ̀ ní ọdún 1892. Òyìnbó ni C.M.S. fi rọ́pò Crowther, ó sì pẹ́ kí a tó tún rí ọmọ Áfíríkà nínú irú ipò tí ó dì mú. Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹfà ọdún 2014, tí ó pé 150 ọdún tí a fi í joyè, Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà Canterbury, Justin Welby, tọrọ àforíjì ní gbangba, nínú ìsìn ìdúpẹ́ àti ìrònúpìwàdà, fún bí ìjọ ṣe hùwà sí Crowther. Ó gba ọdún 124 lẹ́yìn ìpàdé Oníṣà kí ẹ̀ṣẹ̀ tí a ṣẹ̀ ẹ́ tó gba orúkọ rẹ̀ gan-an.

Ẹ̀kọ́ fún Àwa Olùkọ́

Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín Crowther àti àwọn ọ̀dọ́ Lọ́kọ́ja kì í ṣe pé ọ̀kan kórìíra ẹ̀ṣẹ̀ tí èkejì fẹ́ràn rẹ̀. Àwọn méjèèjì ni ó kórìíra rẹ̀. Brooke àti Robinson wo ìṣẹ́gun ẹ̀ṣẹ̀ bí ẹnu ọ̀nà tí ènìyàn ń gbà wọlé ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, kí ó sì ti ìlẹ̀kùn mọ́ àwọn tí kò tíì dé. Crowther wò ó bí ìrìn àjò ẹrú tí a dá sílẹ̀, tí ó ń kọ́ bí a ṣe ń jẹ́ ọmọ. Ojú ìwòye ti àkọ́kọ́ lè tètè mú ìtara wá, ṣùgbọ́n ó fi ẹ̀ṣẹ̀ kan pamọ́ tí àwọn tí ó ní in kò rí: ìgbéraga. Ti èkejì ní sùúrù, ṣùgbọ́n ó ní ewu tirẹ̀, èyí tí Crowther kò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ tán, pé ìrẹ̀lẹ̀ ọwọ́ lè di ìfàsẹ́yìn nígbà tí ó yẹ kí a gba ẹni tí kò lágbára sílẹ̀. Ọmọbìnrin Oníṣà yẹn kò ní àkókò láti dúró de ìrònúpìwàdà àwọn tí ó ń lù ú.

Nígbà tí Tommy Titcombe ti Ẹgbẹ́ S.I.M. dé Ẹ̀gbẹ̀ ní ilẹ̀ Yàgbà ní ọdún 1908, tí àwọn ìjọ sì ń dìde káàkiri ilẹ̀ Òkun, ìbéèrè yìí kan náà ni wọ́n bá pàdé: kí ni kí a ṣe sí onígbàgbọ́ tí ó ṣubú? Ìbéèrè yìí kò tíì parí. Ó ń dojú kọ olùṣọ́-àgùntàn, ó ń dojú kọ òbí, ó sì ń dojú kọ olùkọ́ ní ojoojúmọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ kan jí ìwé. A fi òmíràn sùn pé ó jí ìwé wò nínú ìdánwò. Ó rọrùn kí a gba ọ̀rọ̀ ẹni àkọ́kọ́ tí ó dé ọ́fíìsì wa. Ó tún rọrùn kí a fojú fò ó nítorí pé ọmọ ẹni tí a mọ̀ ni. Ìlànà Crowther dí ọ̀nà méjèèjì: kí a pe ọmọ náà, kí a gbọ́ tẹnu rẹ̀, kí a wá ẹ̀rí, lẹ́yìn náà kí a bá a wí bí ó bá jẹ̀bi. Kí a sì ṣe é láìpẹ́, pàápàá nígbà tí ẹlòmíràn ń jìyà nítorí ẹ̀ṣẹ̀ náà.

Ìkádìí

Nínú iṣẹ́ yìí, a ti tọ ipasẹ̀ Samuel Àjàyí Crowther láti Òṣoogùn tí a ti kó o lẹ́rú dé Oníṣà àti Lọ́kọ́ja tí a ti dójú tì í, àti dé Èkó tí ó kú sí. A rí i pé ìgbọràn rẹ̀ sí Ọlọ́run kò sọ ọ́ di ẹni tí ń gba ohun gbogbo láìsọ̀rọ̀, àti pé ìjàkadì rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀ṣẹ̀ kò sọ ọ́ di ẹni tí ń gan ẹlẹ́ṣẹ̀. A tún rí àléébù rẹ̀, èyí tí ó jẹ́ ẹ̀kọ́ fún ẹnikẹ́ni tí a bá fi ènìyàn sí ìkáwọ́ rẹ̀. Ẹni tí ó fi nǹkan bí 40 ọdún tẹ́tí sí àwọn Yorùbá kí ó tó kọ Bíbélì wọn ní ẹ̀tọ́ láti béèrè pé kí a tẹ́tí sí òun fún wákàtí kan ní Oníṣà. A kò fún un. Ojúṣe àwa tí a ń kọ́ni ní èdè tí ó ṣiṣẹ́ lé lórí ni láti rí i pé a kò fi irú etí yẹn du ẹnikẹ́ni tí ó wà níwájú wa nínú kíláàsì.